Tókìn Kan, Ilé Mẹ́rin: Bí Ilé-iṣẹ́ Sólà Kan Ṣe Wá Ìlà Ìka fún IC

Akọ̀wé owó ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ẹ́ńjìníà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn, tí mi ò ní dárúkọ, ń gbé àpótí sólà fún àwọn ará abúlé ní agbègbè Ìbàràpá: páńẹ́ẹ̀lì kan lórí páànù, bátìrì kan, gílóòbù mélòó kan, àti ihò tí wọ́n fi ń ṣáàjì fóònù. Díẹ̀díẹ̀ ni oníbàárà ń san owó rẹ̀. Tó bá ti san ti ọ̀sẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan á wọlé sórí fóònù rẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́ sára àpótí bí a ṣe ń tẹ tókìn mítà NEPA, iná á sì máa tàn títí ọ̀sẹ̀ á fi pé. Akọ̀wé owó wá ṣàkíyèsí abúlé kan tí àpótí ibẹ̀ kò dín kù, tí owó ibẹ̀ ń dín kù, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè láti ráhùn pé iná òun kú.

Wọ́n rán ọmọkùnrin kan láti ẹ̀ka àtúnṣe lọ wò ó. Ìyá àgbàlagbà tó gbà á lálejò kò fi ọ̀rọ̀ bò rárá. “Ọmọ mi, a máa ń dá a ni,” ni ó wí. “Ẹni tó bá kàn lọ́sẹ̀ yìí á rà á, á pe nọ́ńbà náà fún àwa mẹ́ta yòókù.” Lójú ìyá, àjọ ni, kò sí olè níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà tú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ló bá nínú gbogbo wọn. Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ní ìlú tó súnmọ́ wọn ló ṣe é. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ohun tó ṣe kò le. ATmega328P, IC (ẹ̀rọ bíńtín orí bọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ bí ọpọlọ) tó wà nínú Arduino Uno, bọ́ọ̀dù tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń lò, ló ń darí àpótí kọ̀ọ̀kan. Ó ní àyè 32 KB fún sọ́fítíwìà, EEPROM 1 KB fún ohun tí a kò fẹ́ kó gbàgbé, àti RAM 2 KB fún ohun tó ń lò lọ́wọ́, tó ń gbàgbé tí iná bá lọ. Inú EEPROM ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣírò tókìn wà. Kò sí ẹni tó ti IC náà pa nígbà tí wọ́n ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àtitì í wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní programmer olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sínú IC, lè ka gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀kan, kó sì dà á sínú òmíràn. Àpótí mẹ́rin wá di àpótí kan. Síìmù kò sí nínú wọn tí wọn ì bá fi bá sáfà, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń fúnni ní tókìn, sọ̀rọ̀, nítorí náà sáfà kò ní ọ̀nà tó lè fi mọ̀ pé ẹni tí òun ń fún ní iná ti di mẹ́rin.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n máa ti IC pa kó tó kúrò nílé. Ó dára, ó sì yẹ kó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀rọ, obìnrin tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, sọ pé ìyẹn kò tíì kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sínú IC, ohun tí a fún un lẹ́yìn tí a bí i ni. Ẹni tó bá rí i kà níbì kan lè kọ ọ́ síbòmíràn. Ohun tó fẹ́ ni ìdánimọ̀ tó bá IC wáyé. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe IC yìí kò sì ṣèlérí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún un nínú ìwé ìlò rẹ̀. Wọ́n ronú àtifi IC mìíràn, tí wọ́n dìídì ṣe fún ìpamọ́ àṣírí, sára bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tẹ̀ jáde kún ilé ìkẹ́rùsí, kò sì sí àyè lórí wọn. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìníà tó kéré jù lọ láàárín wọn ti ní kí wọ́n ka RAM nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ara èèyàn ni èrò yìí ti wá. Inú oyún ni ìlà ìka ti ń hù, láti nǹkan bí oṣù kẹta. Àbùdá òbí kì í nìkan pinnu bí yóò ṣe rí. Omi inú ilé ọmọ, bí ọmọ ṣe sùn, ohun tí ìka rẹ̀ ń fara kàn, gbogbo rẹ̀ ló ń dá sí i. Ìdí nìyẹn tí ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo kì í fi ní ìlà ìka kan náà. (Ìgbó-Ọrà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, kò jìnnà sí abúlé tí à ń sọ, àmọ́ ìbejì ẹyin méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn yẹn kì í sì í jọra tó bẹ́ẹ̀.) IC náà ní irú ilé ọmọ yẹn. Bíìtì kọ̀ọ̀kan, àyè tó kéré jù lọ tó ń gba 0 tàbí 1, nínú irú RAM yìí jẹ́ tiransísítọ̀ mẹ́fà, tí mẹ́rin nínú wọn pín sí apá méjì tó ń ti ara wọn: tí ọ̀kan bá dìde, èkejì á wólẹ̀. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò tíì sí ẹni tó sọ fún bíìtì yẹn pé kó jẹ́ 0 tàbí 1, nítorí náà apá tó bá fi díẹ̀ lágbára ju èkejì lọ ló máa ń borí. Àwọn tó ṣe IC fẹ́ kí apá méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe kó dọ́gba pátápátá. Àìdọ́gba yẹn, tó ń já àwọn oníṣẹ́ IC kulẹ̀, ni ìlà ìka.

PUF (physical unclonable function, ohun ara ẹ̀rọ tí kò ṣeé ṣe àdàkọ) ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Ravikanth Pappu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ lésà ṣe tiwọn ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún kan náà, ní MIT náà, Blaise Gassend àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ gbé e wọ inú IC. Ní 2007 ni ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ní Philips ní Netherlands, èkejì ní Yunifásítì Massachusetts, fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé RAM lásán tó nǹkan tí à ń wá. Ẹ́ńjìníà kékeré wa kò hùmọ̀ ohunkóhun, kò sì sọ pé òun hùmọ̀ rẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́ da ọkàn wọn láàmú. Wọ́n ka RAM bọ́ọ̀dù mélòó kan, wọ́n fi wọ́n wéra, wọ́n sì rí i pé ìparí RAM jọra lára gbogbo wọn. Sọ́fítíwìà ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí Arduino máa ń kọ́kọ́ ṣí, ti lo ibẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kóòdù tí compiler, sọ́fítíwìà tó ń sọ kóòdù di èdè IC, ń fi síwájú tún ti nu apá kan sí 0. Wọ́n yọ sọ́fítíwìà ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tí IC yóò kọ́kọ́ ṣe, wọ́n sì jẹ́ kí kíka RAM ṣáájú ohun gbogbo. Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀dù méjì wéra, ó kù díẹ̀ kí ìdajì bíìtì wọn yàtọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí kọ sílẹ̀. Ẹ́ńjìníà kékeré náà tan bọ́ọ̀dù kan, ó pa á, ó tún tàn án, léraléra, ó sì kó èsì rẹ̀ wá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Kò sí bíìtì kan ṣoṣo tó yí padà.”

“Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù,” ni ọ̀gá dá a lóhùn. “Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ ń kà.”

Ìlà ìka gidi kì í dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ fún BVN ní báńkì láti 2014 mọ̀ ọ́n: òógùn, eruku, ọgbẹ́, ìka bíríkìlà tí sìmẹ́ńtì ti jẹ, ẹ̀rọ á ní kó tún un tẹ̀. RAM náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí bíìtì kan wà tí apá rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ìgbóná tàbí bí iná ṣe wọlé lè yí padà. Tí èsì bá wá pé láìkù síbì kan, kì í ṣe ara IC lò ń kà. Wọ́n yẹ bọ́ọ̀dù wò. Kapásítọ̀ ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà iná rẹ̀. Tí wọ́n bá pa á, iná tó kù nínú kapásítọ̀ ṣì ń bọ́ RAM fún ìgbà díẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tún ń gba ẹ̀yìn fún un ní iná. RAM kò kú rárá. Ohun tí kóòdù kọ sínú rẹ̀ nígbà tó tàn kẹ́yìn ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń pè é ní ìlà ìka. Ó ti pẹ́ tí èyí ti di mímọ̀: Sergei Skorobogatov ti Cambridge ti fi hàn ní 2002 pé tí IC bá tutù gan-an, RAM rẹ̀ lè rántí fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí iná ti lọ.

Wọ́n fi resistor kan sí i tí yóò máa fa iná kapásítọ̀ gbẹ. IC yìí ní àmì kan nínú, PORF, tó ń sọ bóyá iná lọ pátápátá. Wọ́n ní kí kóòdù wò ó kó tó ka RAM. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí RAM lè rántí níbi tí iná ti kéré ju èyí tí PORF ń ṣọ́ lọ. Wọ́n wá ń kọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n mọ̀ sí igun kan nínú RAM. Tí àpótí bá jí tó sì bá ọ̀rọ̀ yẹn níbẹ̀, ó mọ̀ pé òun kò tíì sùn, yóò dúró. Lẹ́yìn èyí ni àyípadà tó yẹ kó wà fara hàn: bíìtì mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún, tó ń pọ̀ sí i tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀dù sínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ́ńjìníà kékeré náà rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ lò ó? Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí àpótí ka ara rẹ̀, kó fi wé ti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, ṣé èmi nìyí? Tí ó bá jọ, kó ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tó wà níbi ìpàdé sọ pé ẹni tó ń tún fóònù ṣe kò ní dáhùn ìbéèrè yẹn, yóò yọ ìbéèrè náà kúrò nínú kóòdù ni. Òótọ́ ni. Wọ́n yí i padà: kí ìlà ìka má jẹ́ ohun tí à ń fi wé nǹkan, kí ó jẹ́ ohun tí kọ́kọ́rọ́ tókìn ti ń jáde. Tí o bá gbé sọ́fítíwìà yẹn lọ sínú IC mìíràn, kò sí ìbéèrè tó o máa yọ. Kọ́kọ́rọ́ tó máa jáde níbẹ̀ kò ní bá tókìn kankan mu.

Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kò gba àṣìṣe bíìtì kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìlà ìka èèyàn ti bá ìṣòro yìí jà ṣáájú. Iṣẹ́ Dodis, Reyzin àti Smith ní 2004 ló jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà yanjú rẹ̀. Wọ́n máa ń mú kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké yàn, wọ́n á tún bíìtì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ bíìtì RAM: 0 á fi bíìtì RAM sílẹ̀ bó ṣe wà, 1 á yí i padà. Ohun tó bá jáde ni dátà ìrànwọ́, tí wọ́n ń tọ́jú. Lọ́jọ́ mìíràn, RAM tuntun pẹ̀lú dátà ìrànwọ́ yóò dá kọ́kọ́rọ́ padà, tí ohun tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ bíìtì kọ̀ọ̀kan bá ṣì tọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ oníbíìtì 128. Tí 5 nínú 100 bíìtì bá ń yí padà, tí a sì tún ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, bíi ìgbà 14 nínú 100 ni àpótí kò ní dá ara rẹ̀ mọ̀. Kò sí oníbàárà tó máa gba ìyẹn. Tí a bá tún un kọ nígbà 15, yóò di bíi ìgbà 2 nínú 100,000; tí ooru bá sì sọ àyípadà di 10 nínú 100, bíi ìgbà 4 nínú 1,000. Wọ́n mú 15.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti sọ ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo wọn dúró: “Ṣé ẹ ti ka iye 1 tó wà nínú RAM yìí?” Wọn kò tíì kà á. Nígbà tí wọ́n kà á, bíi 6 nínú 10 ni 1; RAM náà tẹ̀ sí apá kan. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe. Tí bíìtì kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ 0, dátà ìrànwọ́ ibẹ̀ jẹ́ RAM bó ṣe wà, 1 ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ 1, RAM tí a yí padà ni, 0 ló máa pọ̀ jù. Ẹni tó bá ní dátà ìrànwọ́ nìkan, tí kò rí IC rí, yóò kàn ka iye 1 nínú ẹgbẹ́ 15 kọ̀ọ̀kan, yóò sì mọ bíi 79 nínú 100 bíìtì kọ́kọ́rọ́. Bí a bá ṣe ń tún un kọ sí i láti fi ọkàn oníbàárà balẹ̀ ni a ó máa tú àṣírí sí i. Mi ò tíì rí ibi mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tí ìtura àti ewu ti jọ rìn tó báyìí.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà láti ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìṣirò John von Neumann. Roel Maes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi ṣe iṣẹ́ lórí PUF ní 2015. Mú bíìtì RAM ní èjì-èjì. Tí méjèèjì bá jẹ́ 1 tàbí tí méjèèjì bá jẹ́ 0, fò ó. Tí wọ́n bá yàtọ̀, mú àkọ́kọ́. Títẹ̀ sí apá kan kò ní ipa mọ́, nítorí 01 àti 10 ní àǹfààní kan náà láti jáde. Ó ń jẹ àyè ju ìdajì lọ, àmọ́ RAM náà ní èjì-èjì 8,192, èyí tó yàtọ̀ nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, 1,920 péré sì ni wọ́n nílò. Nǹkan bí ìdajì RAM tó wọn.

Ibi tí dátà ìrànwọ́ yóò wà ló kù. Ìwé gbogbo sọ pé kò sí ewu tí ará ìta bá rí i, ẹ́ńjìníà kan sì ti fẹ́ gbé e sínú EEPROM ìta tó wà lórí bọ́ọ̀dù, tí ẹnikẹ́ni lè yọ. Ohun tí ìwé sọ jẹ́ òótọ́ níbi tí ará ìta kò bá lè ka RAM nígbà tó ń jí. Nínú IC yìí, ó lè kà á: yóò pa gbogbo sọ́fítíwìà rẹ́, ìtìpa á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀, yóò kọ kóòdù tirẹ̀ sí i, yóò sì lè ka RAM. Tí dátà ìrànwọ́ bá wà níta, ó ti ní méjèèjì. Wọ́n gbé e sínú EEPROM inú IC, wọ́n sì fi fuse EESAVE, ìṣètò inú IC tó lè dá EEPROM sí nígbà ìparẹ́, sílẹ̀ láìṣí i, kí ìparẹ́ tó bá mú ìtìpa lọ mú dátà ìrànwọ́ lọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ka RAM kàn ní ìlà ìka tí kò sí ohun tó lè fi ṣe.

Ti ọjọ́ orí, bóyá ìlà ìka yóò yí padà bí RAM ṣe ń gbó, kò gbà wọ́n lákòókò púpọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ti dán bọ́ọ̀dù mẹ́rìndínlógún tó ń jẹ́ Arduino Leonardo wò fún ọdún méjì gbáko, nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020. Iye bíìtì tó yí padà fi 19.3 nínú 100 lé sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Tí 2 bá di 2.4, àtúnkọ 15 lè gbé e. Bíìtì tó bá pẹ́ tó ń di ohun tó jí mú náà mọ́ra ló máa ń rẹ̀. Nítorí náà, tí kọ́kọ́rọ́ bá ti jáde, kóòdù wọn máa ń kọ òdìkejì ohun tí bíìtì kọ̀ọ̀kan jí mú sí i.

Àpótí tuntun tó lọ sí Ìbàràpá lẹ́yìn èyí kò ṣeé so pọ̀. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, a mọ̀, nítorí bọ́ọ̀dù kan padà wá sí ẹ̀ka àtúnṣe pẹ̀lú EEPROM òfìfo. Ohun tí orúkọ PUF ń sọ, pé kò ṣeé ṣe àdàkọ, kì í ṣe ìbúra: ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Berlin fi ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán ion gé IC ṣe àdàkọ irú RAM yìí. Owó ẹ̀rọ yẹn ju ti gbogbo sólà abúlé náà lọ. Ẹni tó bá sì so bátìrì mọ́ gílóòbù tààrà kò nílò ìlà ìka ẹnikẹ́ni. Ìyẹn, sílì àti àbẹ̀wò ni wọ́n fi ń bá a jà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ ka iye 1, kó tó ṣe ohunkóhun. Kó pa bọ́ọ̀dù pẹ́ kó tó tún un tàn. Kó sì béèrè lọ́wọ́ IC tirẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ìwé, ẹni tó lè ka RAM rẹ̀. Kó tún mọ̀ pé IC tó bá jóná ti gbé ìdánimọ̀ lọ sọ́run. Ilé-iṣẹ́ yìí kò ní ìlànà fún ìyẹn rárá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n àwọn oníbàárà ṣí lọ: ẹnì kan á pe orí fóònù, á ní àrá sán pa àpótí òun, á bẹ akọ̀wé pé kí wọ́n gbé owó òun sórí àpótí mìíràn, nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì ń tàn. Báyìí, bọ́ọ̀dù tó jóná gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn kí owó tó kúrò lórí rẹ̀, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀dù náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbé owó.